Àwo Orin Tí A Kò Ṣe Fún Títà: Ẹ̀kọ́ Láti Auckland Park

Ní ìlú Johannesburg, ní orílẹ̀-èdè South Africa, àdúgbò kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Auckland Park. Níbẹ̀ ni ilé gogoro ti ilé-iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì orílẹ̀-èdè náà, èyí tí a mọ̀ sí SABC, wà títí di òní. Kì í ṣe gíga ilé náà ni ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ó mú wa kọ ọ́ ni àwọn àwo orin tí a kó jọ síbẹ̀, pàápàá jù lọ irú èyí tí a kò ṣe fún títà rárá, tí ó jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì nìkan ni a ṣe é fún. Lónìí, àwọn ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ mìíràn ń wá irú àwo bẹ́ẹ̀ kiri bí ẹni ń wá góòlù, ẹni tí ó bá sì rí ọ̀kan he a dì í mú ṣinṣin.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa, àti ní pàtàkì ẹ̀yin olùkọ́, lè béèrè pé kí ni ó kan Yorùbá nínú àwo tí ó wà ní Johannesburg. Ìdáhùn wa ni pé ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn àwo wọ̀nyí, ire inú rẹ̀ àti ibi inú rẹ̀, ni ó yẹ kí á fi wo àwọn àwo àti téèpù tí ó wà nílé tiwa, kí ọ̀ràn náà tó bọ́ sórí.

KÍ NI ÀWO ILÉ ÀKÓJỌ ORIN?

Oríṣi àwo orin méjì ni ó wà. Èkíní ni èyí tí gbogbo wa mọ̀: olórin kọrin, ilé-iṣẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú àwo, a gbé e sí ṣọ́ọ̀bù, ẹni tí ó bá wù rà á, ó gbé e sórí giramafóònù, ó sì ń gbádùn ara rẹ̀. Èkejì kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń ṣe sinimá, àwọn òṣìṣẹ́ rédíò àti ti amóhùnmáwòrán, àti àwọn tí ń polówó ọjà ni a ṣe é fún. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ẹnìkan ń ṣe sinimá, ó sì fẹ́ orin tí yóò máa dún jẹ́jẹ́ níbi tí olè ti ń yọ́ wọlé lóru. Ó lè má ní owó tí yóò fi pe ẹgbẹ́ olórin jọ, ó sì lè má ní àyè láti dúró dè wọ́n. Yóò lọ sí ilé àkójọ orin, yóò wo ẹ̀yìn àwo, yóò rí i pé a ti kọ ọ́ síbẹ̀ irú orin tí ó jẹ́: orin ẹ̀rù, orin ayọ̀, orin ìrìn-àjò, orin ìkánjú, a ó sì ti kọ iye ìṣẹ́jú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Yóò mú èyí tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, yóò lò ó, yóò sì san owó ìlò fún àwọn tí ó ni ín. A kì í ta àwo náà fún ará ọjà. Irinṣẹ́ ni, bí àáké ti jẹ́ irinṣẹ́ fún agbẹ́gilére.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1909 ni ọmọ ilẹ̀ Holland kan tí ń jẹ́ Meyer de Wolfe dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ìgbà náà, sinimá kò tíì ní ohùn; ìwé orin ni ó ń pèsè fún àwọn tí ń lu dùùrù nínú ilé sinimá. Nígbà tí sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1920, ilé-iṣẹ́ náà bọ́ sí ìdí gbígba orin sílẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tẹ̀ lé e. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ láàárín àwọn olùkójọ àwo lónìí ni KPM, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwo aláwọ̀ ewé rẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1960.

Ẹni tí ó bá ti wo eré tẹ́níìsì ti Wimbledon lórí BBC ti gbọ́ irú orin yìí: iṣẹ́ Keith Mansfield ni orin tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ètò náà. Ẹni tí ó bá ti wo bọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà ní alẹ́ ọjọ́ Ajé ti gbọ́ ọ pẹ̀lú: iṣẹ́ Johnny Pearson ni orin tí a fi ń ké sí àwọn òǹwòran. Àwo ilé àkójọ orin ni a ti mú àwọn méjèèjì. Àìmọye ènìyàn ni ó lè fi ẹnu kọ orin náà, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó mọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é. Bí bíríkìlà tí ó kọ́ ààfin, tí ẹnikẹ́ni kò sì béèrè orúkọ rẹ̀, ni olórin inú irú àwo bẹ́ẹ̀ rí.

ÀWỌN ÀWO TI AUCKLAND PARK

Àwo mìíràn tún wà tí ó jẹ́ ìbátan tímọ́tímọ́ fún èyí tí a ti ń sọ bọ̀. Òun ni àwo tí ilé-iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì fúnra rẹ̀ ṣe fún ìlò ara rẹ̀. Irú èyí ni ó sọ SABC di ẹni tí àwọn olùkójọ àwo ń dárúkọ.

Ọdún 1936 ni a dá SABC sílẹ̀. Àárín ìlú Johannesburg ni ó wà tẹ́lẹ̀ kí ó tó kó lọ sí Auckland Park láàárín ọdún 1970 sí 1980. Amóhùnmáwòrán kò sì bẹ̀rẹ̀ ní kíkún níbẹ̀ títí di oṣù kìíní ọdún 1976, nígbà tí tiwa ní Ìbàdàn ti lé ní ọdún 16. Ní ọdún 1960, ìjọba àwọn òyìnbó ibẹ̀ dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Radio Bantu. Èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ ni a fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀: Zulu, Xhosa, Sotho, Tswana àti àwọn yòókù, olúkúlùkù pẹ̀lú àyè tirẹ̀.

Bí a bá gbọ́ èyí, a lè rò pé ire ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo inú ọ̀ràn náà dáadáa. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni ìjọba náà. Ohun tí ó ń fẹ́ ni pé kí ará Zulu máa wo ara rẹ̀ bí ará Zulu nìkan, kí ará Sotho máa wo ara rẹ̀ bí ará Sotho nìkan, kí wọ́n má baà pa ohùn pọ̀ láti béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Ẹ̀rọ tuntun tí kò lè gbé ohùn lọ jìnnà ni wọ́n lò fún un, òpó ńlá rẹ̀ sì dìde ní Brixton, nítòsí Auckland Park, ní ọdún 1962. Ẹni tí ó bá ra rédíò tí ó bá a mu kò ní í fi rédíò náà gbọ́ ohùn láti ilẹ̀ òkèèrè, níbi tí àwọn tí wọ́n lé kúrò nílùú ti ń sọ òtítọ́.

Síbẹ̀, rédíò kò lè máa sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ láìsí orin. Orin tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù kò tó, kò sì sí oríṣiríṣi nínú rẹ̀. Nítorí náà ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ẹgbẹ́ akọrin wá, ó ń gba orin wọn sílẹ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú àwo níwọ̀nba, kí a lè pín in fún àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ní ìgbèríko. A ó kọ ọ́ sí ojú irú àwo bẹ́ẹ̀ pé kì í ṣe fún títà. Báyìí ni orin àwọn òṣìṣẹ́ inú ìlú góòlù, orin ìgbéyàwó, orin ìjọsìn, orin àwọn ọ̀dọ́ tí ń fọn fèrè àti àwọn tí ń ta gìtá ṣe wọ inú àwo tí ẹnikẹ́ni kò lè rí rà.

Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ti kọ́kọ́ yọ. Ẹgbẹ́ akọrin Ladysmith Black Mambazo, tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, ti ń kọrin ní abúlé àti ní ibi ìdíje kí ohùn wọn tó jáde lórí Radio Bantu ní ọdún 1970. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ tí ń ta àwo ti gbọ́ wọn, wọ́n sì ṣe àwo ńlá wọn àkọ́kọ́ ní ọdún 1973. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan ni èyí. Mélòó ni àwọn tí ó kọrin lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n padà sí abúlé wọn, tí a kò sì gbúròó wọn mọ́? Àwo tí a kò tà ni ó ṣẹ́kù tí ó lè jẹ́rìí wọn.

ABẸ́RẸ́ TÍ Ó HA OJÚ ÀWO

Ohun kan wà nínú ìtàn ilé àkójọ àwo yìí tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ sọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Àwọn ará SABC ní ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ orin kí a tó jẹ́ kí ó jáde lórí rédíò. Orin tí kò bá tẹ́ ìgbìmọ̀ lọ́rùn, wọn kì í fi mọ sí kíkọ ìkìlọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ìgbà púpọ̀, wọ́n a mú ohun mímú, wọ́n a fi ha ojú àwo náà gan-an ní ibi tí orin ọ̀hún wà, kí abẹ́rẹ́ giramafóònù má lè kọjá níbẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá wo sinimá tí a ṣe nípa olórin Amẹ́ríkà kan, Rodriguez, tí ó jáde ní ọdún 2012, yóò rí ọ̀kan nínú àwọn àwo tí a há lójú bẹ́ẹ̀, tí ó ṣì wà nínú ilé àkójọ náà.

Kì í ṣe Rodriguez nìkan. Wọ́n fi òfin de orin Miriam Makeba, ọmọ bíbí ilẹ̀ wọn, lẹ́yìn tí ó lọ jẹ́rìí níwájú Àjọ Àwọn Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé ní ọdún 1963. Wọ́n lé orin àwọn Beatles kúrò lórí rédíò láti ọdún 1966 títí di 1971. Ní ọdún 1985, nígbà tí Stevie Wonder gba ẹ̀bùn ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tí ó sì sọ pé orúkọ Nelson Mandela ni òun fi gbà á, SABC dá gbogbo orin rẹ̀ dúró.

Ẹ kíyè sí i pé ọwọ́ kan náà ni ó ń gba orin sílẹ̀, tí ó tún ń ha orin mìíràn lójú. Ọ̀rọ̀ orin tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin kọ fún Radio Bantu, ìgbìmọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó wọ àwo. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń gbọ́ àwọn àwo wọ̀nyí lónìí kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ohun tí a gbà láyè láti sọ nìkan ni ó ń gbọ́. Síbẹ̀síbẹ̀, ìlù kì í purọ́ bí ẹnu. Àwọn aláṣẹ lè yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú orin, wọn kò lè yọ ẹ̀mí kúrò nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe láti fi ya àwọn ènìyàn nípá ni ó wá di ohun tí àwọn ọmọ wọn fi ń mọ irú ẹni tí baba wọn jẹ́.

KÍ NI ÀWỌN OLÙKÓJỌ ÀWO Ń WÁ?

Ohun púpọ̀ ni ó ń mú kí àwọn olùkójọ máa wá àwo tí a kò ṣe fún títà. Èkíní ni pé kò pọ̀. Àwo tí a tà lọ́jà lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àwo ilé àkójọ kò ju èyí tí ó tó fún àwọn tí yóò lò ó lọ. Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun dé, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ rédíò àti ti sinimá káàkiri ayé da àwo wọn sóde bí ẹni ń gbálẹ̀, àwọn tí ó sì mọ iyì rẹ̀ ṣà á nínú ààtàn.

Èkejì ni pé orin inú rẹ̀ kò sí níbòmíràn. Ìdí kẹta sì jinlẹ̀ ju méjèèjì lọ. Olórin tí ń ṣe àwo fún ọjà a máa bẹ̀rù ọjà. Ohun tí ó ti tà rí ni yóò tún ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ní kí ó ṣe orin ẹ̀rù ìṣẹ́jú méjì kò ní ẹni tí ó ń bẹ̀rù. Ó lè fi ìlù méje síbi tí ọjà ń fẹ́ ẹyọ kan. Ẹ wo Manu Dibango, ọmọ ilẹ̀ Cameroon tí ó kú ní ọdún 2020. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí orin ijó tí ó sọ ọ́ di olókìkí ní ọdún 1972. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 yẹn kan náà, ó ṣe àwo kan tí a pè ní African Voodoo, tí a kò ṣe fún ará ọjà bí kò ṣe fún sinimá, amóhùnmáwòrán àti ìpolówó. Ó pẹ́ púpọ̀ kí a tó tún un tẹ̀ fún títà, àwọn tí ó sì gbọ́ ọ rí i pé Dibango ṣí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni tí kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ.

Ìdí kẹrin ni ti àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi ẹ̀rọ ṣe orin ní òde òní. Wọ́n a máa gé ègé kékeré nínú àwo àtijọ́, ìlù díẹ̀ tàbí fèrè díẹ̀, wọ́n a sì fi ṣe ìpìlẹ̀ orin tuntun. Àwo ilé àkójọ bá iṣẹ́ wọn mu, nítorí pé ìlù pọ̀ níbẹ̀ láìsí ohùn tí ó dà á lójú rú, àti nítorí pé etí ènìyàn kò tíì mọ̀ ọ́n.

Àwa kò bá àwọn olùkójọ jà. Bí kì í bá ṣe tiwọn, ọ̀pọ̀ nínú àwo wọ̀nyí ìbá ti di àwókù. Ẹni tí ó gbé ọmọ tí ìyá rẹ̀ jù sílẹ̀ kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á béèrè ìdí tí ìyá fi ju ọmọ sílẹ̀, àti ẹni tí yóò jẹ èrè rẹ̀ nígbà tí ọmọ náà bá dàgbà tí ó di olówó.

TA NI YÓÒ JẸ ÈRÈ?

Ìtàn ọkùnrin kan ní Johannesburg kan náà yóò la ọ̀rọ̀ yìí yé wa. Solomon Linda ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1939, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gba orin kan sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Gallo, orúkọ orin náà ni Mbube. Ṣílè 10 ni ó gbà, ó sì fi ẹ̀tọ́ orin náà sílẹ̀. Orin náà rìn dé Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1961 àwọn ọ̀dọ́ kan níbẹ̀ kọ ọ́ lọ́nà tiwọn, ó gba gbogbo ayé kan. Ní ọdún 1994 ó tún wọ inú sinimá ńlá kan ti Disney nípa kìnnìún. Linda ti kú nínú òṣì ní ọdún 1962. Ọdún 2006 ni àwọn ọmọ rẹ̀ tó rí owó gbà, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé ọ̀ràn náà lọ sí kóòtù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe àkíyèsí ohun kan. Linda rí ẹ̀tọ́ gbà nítorí pé orúkọ rẹ̀ wà lára àwo. Bí ó bá jẹ́ pé orin rẹ̀ wà nínú àwo tí a kọ "ẹgbẹ́ akọrin Zulu" sí nìkan, ta ni ìbá lọ sí kóòtù fún un? Ibẹ̀ gan-an ni ewu àwo tí a kò ṣe fún títà wà. Àwo náà kò kú, ṣùgbọ́n orúkọ ń kú. Nígbà tí orúkọ bá sì ti kú, orin náà di ti ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbé e lọ sí ọjà.

Ní ilẹ̀ wa, a ní òfin tí ń dáàbò bo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn òǹkọ̀wé àti olórin. A tún un ṣe, a sì fi ọwọ́ sí i ní ọdún 2023. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n òfin kò lè san owó fún ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀.

ILÉ TIWA ŃKỌ́?

Ní báyìí a dé ilé. Ilé-iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1951, ó sì di àjọ NBC ní ọdún 1957. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Àwọn àgbà nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa kò ní í gbàgbé ohùn gángan tí ń kéde pé rédíò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àti bí olúkúlùkù ti ń fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí ohùn ìlù náà, tí àwọn mìíràn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ oyè jíjẹ. Ta ni onílù náà? Ẹ bi ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó mọ ohùn ìlù náà. A kò rò pé ẹni márùn-ún yóò dá yín lóhùn.

Ẹ wo Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní ọdún 1905. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, òun ni ó ń ṣe olùdámọ̀ràn nípa orin fún àwọn tí ń ṣe sinimá fún ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ tí ó bá ti ilé àkójọ orin mu gẹ́lẹ́. Ní ọdún 1944 ó kọ African Suite, orin fún àwọn olóhùn-èlò okùn. Ní ọdún 1953 ó padà wá sílé láti jẹ́ ọ̀gá ìdí orin ní ilé-iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì wa. Apá kan nínú African Suite, tí a pè ní Akinla, ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ètò orin kan tí àwọn ará Canada fẹ́ràn púpọ̀ lórí rédíò wọn, ètò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1956 tí kò sì parí títí di 1997. Àwọn ọmọ Canada dàgbà pẹ̀lú orin ọmọ Yorùbá. Mélòó nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ni ó ti gbọ́ ọ rí?

Ẹ tún wo ti àwọn òǹkọ̀wé wa. Láti ọdún 1962, ilé-iṣẹ́ kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí ń jẹ́ Transcription Centre, lábẹ́ Dennis Duerden. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ohùn àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́-ọnà ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀, kí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò lè rí i lò. Wọlé Ṣóyínká wà níbẹ̀, Chinua Achebe wà níbẹ̀, àti àwọn mìíràn tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà. Ibo ni ìwé àti àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà wà lónìí? Ó wà ní yunifásítì Texas, ní ìlú Austin, ní Amẹ́ríkà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìbàdàn tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí baba rẹ̀ sọ ní ọdún 1962 ní láti wá owó ọkọ̀ òfuurufú kí ó tó lè mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ó wà nílé ńkọ́? Àwọn oníjàálá tí a pè wá sí rédíò Ìbàdàn, àwọn obìnrin tí ó sun ẹkún ìyàwó, àwọn arárà, àwọn eléré bí Dúró Ládiípọ̀ àti Kọ́lá Ògúnmọ́lá tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ pápá ìṣeré, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn bí Adébáyọ̀ Fálétí tí ó wà lára àwọn àgbà iṣẹ́ náà: èwo nínú wọn ni olùkọ́ lè tọ́ka sí lónìí, kí ó wí pé, "Ó wà níbí, ẹ wá gbọ́ ọ"? Ìbéèrè ni a ń béèrè. A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Gbogbo wa ni ọ̀ràn náà kàn.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE

Àwọn kan yóò wí pé, "Orin àtijọ́ dà? Ebi ń pa ará ìlú, ẹ ń sọ̀rọ̀ àwo." A mọ̀ pé ebi ń pa ará ìlú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa kì í tìtorí rẹ̀ ta orúkọ ìdílé rẹ̀. Àwọn mìíràn yóò wí pé ẹ̀rọ ayé òde òní yóò tọ́jú ohun gbogbo. Ẹ̀rọ a máa tọ́jú ohun tí a bá fún un. Kò lè tọ́jú àwo tí òjò ń rọ̀ sí, kò sì lè mọ orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò kọ.

Èrò tiwa nìyí. Ṣáájú ohun gbogbo, kí ilé-iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Yorùbá ṣe ìwé orúkọ gbogbo àwo àti téèpù tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀: ọjọ́ tí a gbà á, ibi tí a ti gbà á, ẹni tí ó kọ ọ́, ẹni tí ó lu ìlù rẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò gba owó púpọ̀. Sùúrù ni ó gbà. Lẹ́yìn èyí, kí a pe àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tí ó ṣì wà láàyè, kí wọ́n wá gbọ́ ohun tí ó wà nínú téèpù tí a kò kọ nǹkan sí lára, kí wọ́n sọ ohùn tí wọ́n bá mọ̀. Iṣẹ́ yìí kò lè dúró dọ̀la, nítorí pé àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń dínkù lójoojúmọ́. Bákan náà, kí àwọn yunifásítì wa àti àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí jọ fọwọ́ sówọ́ pọ̀, kí ẹ̀dà ohun tí a bá tọ́jú lè wà ní ju ibì kan lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ náà ní ipa tiyín: ẹ rán àwọn ọmọ yín lọ bá àwọn baba àti ìyá wọn àgbà, kí wọ́n béèrè ẹni tí ó kọrin rí lórí rédíò ní ìlú wọn. Orúkọ kan ṣoṣo tí a bá rí kọ sílẹ̀ tó ohun tí ó yẹ kí a dúpẹ́ fún.

Bí àwọn olùkójọ bá sì dé láti òkèèrè, tí wọ́n ń wá àwo rà, kí á má lé wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n bá wa lórí ìjókòó pẹ̀lú ìwé orúkọ wa lọ́wọ́, kí á mọ ohun tí à ń tà, kí á mọ ohun tí a kò ní í tà láé, kí olórin tàbí ọmọ rẹ̀ sì jẹ nínú rẹ̀. Bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní pàǹkàrá, àwọn ẹlòmíràn a fi í kó ilẹ̀.

Àwọn aláṣẹ ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní South Africa fi ohun mímú ha ojú àwo kí orin má baà jáde. Ìjọba wọn ti wó ní ọdún 1994, ọ̀pọ̀ nínú orin tí wọ́n fẹ́ pa sì ń dún lónìí. Àwa kò ní ọ̀tá tí ń ha àwo wa lójú. Eruku, òjò àti àìbìkítà ni ó ń bá wa ha á. Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n bí a bá jẹ́ kí ohùn àwọn tí ó pa àrọ́bá náà parẹ́, kí ni àwọn ọmọ wa yóò bá?

Ohun tí a ní ni a ń náání. Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí pẹpẹ tí ó wà nítòsí wa.